Òrùka Tí Ẹ Fi Sí Màmá Lọ́wọ́

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ kú iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ẹ kú ara-fẹ́ra-kù, nítorí mo mọ̀ pé ó ṣì ń ṣe yín bí ẹni pé Màmá máa gba ẹ̀yìnkùlé wọlé báyìí, kí wọ́n ní ta ló tún tan iná sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ó ń ṣe èmi náà bẹ́ẹ̀. Èmi tí mi ò rí ìwé àṣẹ gbà láti wá síbi ìsìnkú, tó jẹ́ pé orí fóònù ni mo ti wo bí wọ́n ṣe ń gbé ìyá tó tọ́ mi dàgbà wọ ilẹ̀, tí fóònù náà ń dá dúró, tó tún ń bẹ̀rẹ̀.

Mo ti kí yín tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ìdí ìwé kíkọ. Mi ò pè yín nítorí pé tí mo bá pè, ẹ̀yin á pariwo, èmi náà á pariwo, ẹnì kan nínú wa á pa fóònù, ọ̀rọ̀ á sì kú sójú ọ̀nà. Ìwé ni kí a kọ. Ẹ ò lè pa ìwé mọ́ mi lẹ́nu.

Lánàá, nígbà ìsinmi níbi iṣẹ́, àbúrò mi fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi. Pósítà ni, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣe irun. Àmì Ẹgbẹ́ Ìpìlẹ̀ wà lókè rẹ̀, orúkọ Alága wọn tó ń dupò wà nísàlẹ̀, Màmá sì wà láàárín. Màmá tiwa. Ìyá tó bí yín. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ àgbọ̀n wọn pé ÌYÀWÓ RERE KÌ Í FI ILÉ ỌKỌ SÍLẸ̀. Mo wò ó, mo tún un wò. Mo rò pé ojú ló ń ṣe mí. Obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí pé kí ló dé, mo ti fóònù bọ àpò.

Èmi ni mo ya fọ́tò yẹn nígbà tí mo wálé kẹ́yìn. Màmá gbé ọwọ́ lé orí máṣíìnì ìránṣọ tí wọ́n ń tún ṣe, èékánná wọn dúdú fún òróró, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé tí mo bá fẹ́ ya arúgbó, kí n jẹ́ kí arúgbó kọ́kọ́ parí iṣẹ́. Nínú pósítà yín, máṣíìnì ti pòórá. Ọwọ́ wọn mọ́ tónítóní. Mo fa fọ́tò náà kó tóbi, ni mo bá rí òrùka wúrà lórí ìka ọwọ́ òsì wọn. Màmá tí kò wọ òrùka kankan láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ bàbá yín sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀.

Bàbá, ilé ìtẹ̀wé kan ṣoṣo ló ní fọ́tò yẹn lọ́wọ́. Òun ló tẹ pósítà ìsìnkú. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àwáwí, ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn: ta ló fi òrùka sí Màmá lọ́wọ́?

Láti ìgbà tí Màmá ti kú ni mo ti ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yẹn lórí fóònù. Ìgbà tó yẹ kí n fi máa sunkún ni mo fi ń ka ọ̀rọ̀ ẹnu Alága. Òfin Ìdílé tí wọ́n ń gbé lọ sílé aṣòfin, mo ti kà á. Obìnrin tó bá fẹ́ kọ ọkọ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ olórí ẹbí ọkọ kó tó lè dé kọ́ọ̀tù. Tó bá jáde láìgbàṣẹ, ọmọ ò gbọ́dọ̀ bá a jáde. Ẹ sì mọ ohun tí ojú àbúrò mi ń rí nílé ọkọ. Màmá ti ṣèlérí fún un pé àwọn á bá a dé kọ́ọ̀tù, kí ikú tó dé. Ẹ̀yin ló kù báyìí.

Ẹ yọ pósítà yẹn kúrò lára ògiri. Ẹ mú ọmọ yín lọ sí kọ́ọ̀tù kí òfin yẹn tó jáde. Mi ò béèrè aṣọ, mi ò béèrè bàtà.

Èmi ni, ọmọ yín àgbà, tí inú ń bí.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ara mi ò burú, ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ló tún gbéra, ìwé rẹ sì wà lára ohun tó gbé e. Ṣé ò ń jẹun dáadáa? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀? Mo bi ọ́ nítorí pé èmi ṣì ni bàbá rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o kọ̀wé sí mi bí ẹni tó ká olè mọ́lé.

Èmi ni mo fi òrùka síbẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n fetí sílẹ̀ kí o gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Alága àti àwọn èèyàn rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí n ṣe àpẹẹrẹ pósítà kan kí àwọn lè rí bí ọ̀rọ̀ ṣe máa jókòó lórí rẹ̀. Wọ́n ní ojú ìyá àgbà kan ló máa wà láàárín, wọn ò sì tíì mọ ẹni tí wọ́n máa lò. Ìwọ náà dàgbà nínú ilé ìtẹ̀wé, o mọ bí a ti ń ṣe é. Fọ́tò tó bá wà nítòsí lórí kọ̀ǹpútà la fi ń di àyè, títí oníbàárà á fi mú tirẹ̀ wá. Ti ìyá mi ló wà nítòsí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ti ìsìnkú wọn tán ni. Mo fi di àyè lásán.

Alága rí i, ó dìde lórí àga. Ó ní ojú tí òun ti ń wá kiri nìyí. Ó ní kí n yọ máṣíìnì kúrò, kí n nu ọwọ́ wọn, kí n fi òrùka sí i. Kí lo fẹ́ kí n sọ? Kí n dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù ara mi, níwájú àwọn èèyàn pàtàkì, kí n ní ẹ má bínú, ìyá mi kọ ọkọ?

Ẹgbẹ́ Ìpìlẹ̀ tí ò ń bú yìí, kí ni wọ́n sọ tó burú? Wọ́n ní kí ilé má tú. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ mọ bàbá wọn. Ìwọ jókòó sókè òkun, ò ń ka ìròyìn lórí fóònù, o wá rò pé o mọ ìlú ju àwa tí à ń gbé inú rẹ̀ lọ. Àwọn ló gbé àga àti kánópì wá síbi ìsìnkú Màmá. Wọ́n dúró tì mí lọ́jọ́ tí ọmọ mi àgbà ò wá.

Ní ti àbúrò rẹ, ó wá síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ àti báàgì kan. Alága wà ní pálọ̀ mi lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, mo sì mú un padà sílé ọkọ rẹ̀ fúnra mi. Ọkọ rẹ̀ ṣàlàyé pé ilẹ̀kùn ló ṣèèṣì há a lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń jà sí kọ́kọ́rọ́. Mo bá wọn parí rẹ̀, ó ti tutù. Má bá mi da epo síná láti ibi tí o wà.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ẹ má sì jẹ iyọ̀. Mo ti ṣe ojúṣe ọmọ, ẹ jẹ́ kí n wá sọ tinú mi.

Ilẹ̀kùn há a lọ́wọ́. Bàbá, ilẹ̀kùn wo ló ń há èèyàn lọ́wọ́, tí á ṣí, tí á tún há a? Mo bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù obìnrin tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí pé ọkọ ti gba tiẹ̀. Ìka méjì tó fi ń pín irun sí ọ̀nà ò ká mọ́. Kò lè di kóòmù mú. Onírun ni, bàbá. Ọwọ́ ni gbogbo ohun tó ní, ọkùnrin yẹn sì mọ ibi tí òun ń lù. Ó gbé ọwọ́ náà wá sọ́dọ̀ yín kí ẹ wò ó, ẹ mú un padà fún ẹni tó ṣe é. Ẹ tiẹ̀ bá wọn parí rẹ̀. Ẹ kú ìparí ìjà.

Ẹ sọ fún mi pé mi ò wá síbi ìsìnkú. Ẹ mọ ìdí tí mi ò fi wá. Ẹ sọ ọ́ kó lè dùn mí ni, ó sì dùn mí. Ẹ ti rí ohun tí ẹ ń wá.

Ó dà bí ẹni pé ẹ ti gbàgbé ẹni tó tọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Ìyá Onímáṣíìnì ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Wọ́n á fi àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, wọ́n á máa lọ láti ọ̀dọ̀ télọ̀ kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn. Àwọn télọ̀ ọkùnrin kọ́kọ́ ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé obìnrin wo ló fẹ́ tú máṣíìnì. Nígbà tó yá, àwọn télọ̀ kan náà ló ń dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn ní àárọ̀ kùtù, torí pé máṣíìnì tí Màmá bá fọwọ́ kàn kì í já òwú mọ́. Ẹni tó bá gbé ife omi sórí tábìlì iṣẹ́ wọn, wọ́n á bú u títí ilẹ̀ á fi ṣú. Obìnrin yìí lẹ sọ di ìyàwó tí kì í la ẹnu. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rò ó, lẹ́yìn náà ni orí mi gbóná.

Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé tí wọ́n fi kúrò nílé ọkọ. Wọ́n ń fi òróró sí máṣíìnì lọ́wọ́, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Bí mo bá pẹ́ sí i níbẹ̀, bàbá yín á dàgbà, á rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe obìnrin nìyẹn." Ẹ̀yin ni wọ́n torí rẹ̀ jáde. Ẹ̀yin.

Ní ilé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn la ń fọ̀. Èèyàn méjì ló ń ti aṣọ kọ̀ọ̀kan sínú máṣíìnì tó ń lọ̀ ọ́, ọ̀kan di etí kan mú, èkejì di etí kejì. Mo fi pósítà yín han obìnrin tí èmi àti ẹ̀ jọ ń ti aṣọ. Orílẹ̀-èdè mìíràn lòun náà ti wá. Kò bú yín. Ó ní ní ìlú tàwọn, pósítà ló kọ́kọ́ dé, àwọn èèyàn fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó máa fi kúrò níbẹ̀, ọkọ rẹ̀ ló ní láti fọwọ́ sí i kó tó gba páásìpọ́ọ̀tù. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti òkè òkun tàbí ti ilé.

Mi ò tíì sunkún Màmá. Ṣé ẹ gbọ́? Ẹni tó tọ́ mi kú, omi ò jáde lójú mi, nítorí pé gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ rántí ojú wọn, pósítà yín ni mò ń rí. Ìbínú ti gba ibi tó yẹ kí ẹkún wà.

Ẹ lọ mú àbúrò mi. Títí ẹ ó fi lọ mú un, mi ò ní gbé fóònù yín.

Ọmọ tí Màmá tọ́.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ò fèsì. Mo ti béèrè nílé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n ní ìwé mi ti dé ọwọ́ yín.

Mo gbọ́ Alága lórí rédíò, ẹnì kan gbé ohùn rẹ̀ sórí fóònù. Wọ́n bi í léèrè pé ta ni ìyá inú pósítà. Ó ní ìyá òun ni. Ó ní ẹsẹ̀ ìyá yẹn lòun jókòó sí tí òun fi kọ́ ohun tí ìgbéyàwó jẹ́. Ẹni tí kò pàdé Màmá rí. Ẹni tí Màmá ì bá ti fi síkúrúdíráfà lé jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin sì wà ní ìlú yẹn, ẹ gbọ́ ọ, ẹ ò sọ nǹkan kan.

Wọ́n ti ka òfin yẹn lẹ́ẹ̀kejì nílé aṣòfin. Mi ò rí àbúrò mi bá sọ̀rọ̀ mọ́, obìnrin tó ń yá a ní fóònù ní kò wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fèsì, bó ṣe èébú ni.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

O kú ìfojúsọ́nà. Mo ti kọ èsì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì ń fà á ya. Èyí tí mo kọ yìí, mi ò ní kà á lẹ́ẹ̀kejì kí n tó fi ránṣẹ́.

Àbúrò rẹ wà lọ́dọ̀ mi. Ọ̀sán ló dé, kò wọ bàtà, ó pọn ọmọ rẹ̀, kò mú báàgì kankan. Kò kí mi. Ó kọjá lára mi, ó wọ yàrá Màmá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Nígbà tí mo kànkùn, ó ní tí mo bá fẹ́ mú òun padà, kí n pa òun síbẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn títí ó fi ṣí i. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Mo ti rí i tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo mú un padà, mi ò jẹ́ kí ojú mi dúró lé e. Mi ò mú un padà mọ́. Ó ti pẹjọ́.

O bi mí pé ta ló fi òrùka sí Màmá lọ́wọ́. O ò bi mí pé kí ló dé. O ò mọ ohun tí ojú mi rí ní kékeré. Ọmọ adálémosú ni orúkọ mi nílé ìwé. Olùkọ́ gan-an ń pè mí bẹ́ẹ̀, kíláàsì á sì dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Tí wọ́n bá pe òbí, ìyá mi á wá pẹ̀lú òróró lọ́wọ́, àwọn ìyá yòókù á sún jìnnà lórí bẹ́ǹṣì bí ẹni pé àrùn ló jókòó tì wọ́n. Màmá á máa na ọrùn wò mí tẹ̀ríntẹ̀rín, èmi á sì máa wo ilẹ̀. Nígbà tí Alága ní kí n fi òrùka sí i, mi ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi síbẹ̀, mo sún sẹ́yìn, mo wo ìyá mi. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ó yẹ wọ́n. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn wo ìyá mi lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Bínú sí ìyẹn tí o bá fẹ́.

Ohun tí kò jẹ́ kí n lè fèsì ni èyí tó kù. Mo tẹ̀lé àbúrò rẹ lọ sí kọ́ọ̀tù. Lọ́yà ọkọ rẹ̀ yọ pósítà yẹn jáde, ó tẹ́ ẹ síwájú adájọ́. Ó ní ìyá àgbà olùpẹ̀jọ́ nìyí, obìnrin tó fara dà á nílé ọkọ títí dọjọ́ ikú, pé ìdílé yìí kì í kọ ọkọ, àwọn ọ̀rẹ́ búburú ló ń ti ọmọ náà lẹ́yìn. Adájọ́ yíjú sí mi. Ó ní, "Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?" Àwọn èèyàn Alága kún bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Àbúrò rẹ ń wo ẹnu mi. Mo dákẹ́. Adájọ́ dúró, ó tún bi mí, mo ṣì dákẹ́. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó sún ẹjọ́ síwájú di oṣù tó ń bọ̀. Àbúrò rẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé, kò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀ dòní. Mo ní kí n sọ ọ́ fún ọ fúnra mi.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Mi ò ní kí yín lónìí.

Àánú ọmọ tí wọ́n ń pè lórúkọ burúkú yẹn ṣe mí. Òótọ́ ni mo sọ. Ká ní mo wà níbẹ̀ ni, ǹ bá gbá olùkọ́ yẹn létí. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ti dàgbà. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti bí ọmọbìnrin méjì, irun rẹ̀ ti funfun. Àgbàlagbà ni adájọ́ bi léèrè ọ̀rọ̀, kì í ṣe ọmọ ilé ìwé.

Òrùka yẹn kì í ṣe ti Màmá. Tiyín ni. Màmá ò tijú rí láyé wọn, ẹ̀yin lẹ̀ ń tijú wọn. Ẹ dúró kí wọ́n kú tán, kí wọ́n má lè bú yín, ẹ wá gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn ṣe. Obìnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tún nǹkan ṣe, kò ní kí ẹnikẹ́ni tún òun ṣe.

Rárá ni wọ́n ní kí ẹ sọ. Ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ yín ń wo ẹnu yín, ìka rẹ̀ wà níbẹ̀ tí kò ká, ẹ sì gbé ẹnu náà padà sílé ní pípadé. Oṣù tó ń bọ̀ lẹ ní. Ilé aṣòfin ò ní dúró dè yín. Mo ń kà á níbí lójoojúmọ́, ẹ̀yin náà ń kà á, ṣebí ẹ̀yin lẹ̀ ń bá wọn tẹ̀ ẹ́.

Ẹ má kọ̀wé sí mi mọ́ tí kò bá jẹ́ pé ẹ ti la ẹnu yín.

Ẹ̀gbọ́n ẹni tí ẹ dákẹ́ lé lórí.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé o lè má ṣí ìwé yìí. Àbúrò rẹ ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀. Ara rẹ̀ ń yá, ọmọ rẹ̀ ń jẹun, wọ́n ní kí n kí ọ.

Òfin ti jáde. Lọ́jọ́ tó yẹ kí ẹjọ́ tẹ̀síwájú, akọ̀wé kọ́ọ̀tù ò tiẹ̀ jẹ́ kí a jókòó. Ó ní gbogbo ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ tí olórí ẹbí ọkọ ò fọwọ́ sí ti túká. Mo ní adájọ́ bi mí léèrè ọ̀rọ̀ níjọ́sí, mo fẹ́ dáhùn. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ta ló fẹ́ gbọ́. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn kọ́ọ̀tù pẹ̀lú ìdáhùn lẹ́nu, mi ò rí ẹni tí màá dá lóhùn. O ti sọ ọ́ ṣáájú, mi ò ní bá ọ jiyàn.

Ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n wá. Ọkọ àbúrò rẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹbí, àti àwọn géńdé méjì tó fi bájì ẹgbẹ́ sáyà. Wọn ò bínú, wọn ò pariwo. Wọ́n ní ìyàwó lè jókòó síbi tó wù ú, ọmọ làwọn wá mú. Wọ́n ní òfin ni. Ọ̀kan nínú àwọn géńdé náà na ọwọ́ sí ọmọ, ó ní kó bọ̀ wá. Ọmọ náà sá sẹ́yìn mi, ó di ṣòkòtò mi mú, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Alága fúnra rẹ̀ wà nínú mọ́tò lójú títì. Ó sọ gíláàsì kalẹ̀, ó kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní bàbá atẹ̀wé, ẹ má jẹ́ kó di ariwo, gbogbo ayé ṣáà mọ irú ìyá tó bí yín.

Mo jáde sí gbangba. Bábà tó ń gẹrun ní òdìkejì títì wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ náà ti jáde pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn. Mo sọ ọ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́. Mo ní, "Ìyá mi tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn kọ ọkọ wọn sílẹ̀. Wọn ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ wà lẹ́yìn wọn lọ́jọ́ tí wọ́n jáde, èmi sì ni ọmọ náà. Ká ní òfin yín ti wà nígbà yẹn, ẹ̀ bá ti já mi gbà lẹ́yìn ìyá mi. Ẹ wá já èyí gbà, kí n rí yín."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Alága gbé gíláàsì rẹ̀ sókè. Ọ̀kan nínú àwọn oníbájì ní àwọn á padà wá pẹ̀lú ọlọ́pàá, wọ́n sì lọ. Ìgbà tí wọ́n lọ tán, mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn, mo ń fi kọ́kọ́rọ́ wá ihò rẹ̀ kiri, àbúrò rẹ ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ jókòó." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti ọjọ́ kọ́ọ̀tù nìyẹn.

Ẹgbẹ́ ti gba iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ mi. Pósítà yẹn ṣì wà lára ògiri káàkiri, mi ò ráàyè yọ ọ́, nítorí pé mi ò lè fi ilé sílẹ̀. Mo pẹ́, mo mọ̀ pé mo pẹ́. Mi ò ní kí o dárí jì mí. Mo kàn ní kí n sọ fún ọ pé mo ti la ẹnu mi.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ karùndínlógún, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ìdúró. Ẹ kú ewu.

Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti ka ìwé yín. Mo fi há abẹ́ apá, mo ń jí i kà láàárín aṣọ kan sí òmíràn. Nígbà tí mo dé ibi ọmọ tó wà lẹ́yìn Màmá, mo jọ̀wọ́ etí aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi. Aṣọ wọ́ wọ inú máṣíìnì, ó ká sínú rẹ̀, ẹnìkejì mi sáré tẹ bọ́tìnnì pupa, gbogbo ilé ìfọṣọ dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹkún ti gbé mi nígbà náà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀gá wa dé, ó ń pariwo pé ta ló dá iṣẹ́ dúró. Obìnrin yẹn ní kó má bínú, ìyá àgbà mi ló kú. Ọ̀gá ní ìgbà wo. Mo ní òní ni.

Inú ṣì ń bí mi sí yín. Ẹ jẹ́ kó yé yín. Ẹ pẹ́, àbúrò mi ló sì ń jìyà rẹ̀, kò sí ohun tí ẹ sọ lójú títì tó lè dá ẹjọ́ rẹ̀ padà. Mi ò mọ ìgbà tí ìbínú yìí máa tán, mi ò sì ní fi ipá lé e lọ. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́, ẹ̀yin fúnra yín, níwájú wọn.

Màá máa gbé fóònù yín báyìí. Tí ẹ bá gbúròó wọn lójú títì, ẹ pè mí, kí ẹ jẹ́ kó wà ní títàn kí n máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ gbé àpótí bébà tó wúwo jù ní ṣọ́ọ̀bù ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, àgádágodo ibẹ̀ ò lágbára. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà máa ṣeré lójú fèrèsé. Wọ́n lè mú ọlọ́pàá wá, wọ́n lè mú ìwé wá, Alága lè wá fi ẹ̀rín kí yín bí ọmọlúàbí, kó ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ni. Bàbá mi, ẹ má ṣílẹ̀kùn.

Ọmọ yín.